Streamer, DAC àti orin tó ń kólòlò: ṣé DAC ni kí n pààrọ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ, LÁTI KÉTU

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin ni mo bá wá. Mo ra Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kékeré, mo fi Volumio, ètò tó ń kọ orin, sínú rẹ̀ kó lè di streamer. Mo fi wáyà USB so DAC kékeré kan mọ́ ọn, DAC yẹn ló wọ inú ámpílífáyà àtijọ́ bàbá mi. Dísíìkì 1 TB tí gbogbo orin mi wà nínú rẹ̀, ara Pi náà ló wà. Ìyọnu méjì ni mo ní. Orin ń kólòlò: á lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin, á já, á tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì, sípíkà ń kùn bí ilé oyin, kódà nígbà tí orin kankan kò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní DAC 15,000 sẹ́fà kò lè ṣe iṣẹ́ gidi, kí n wá 80,000 ra òmíràn. Ẹlòmíràn ní wáyà USB ni. Ẹnìkan ní Kútọnu ní Wi-Fi Kétu ni kò lágbára. Ta ni kí n gbọ́?

* * *

Má tíì ra DAC kankan. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ná. Streamer kò ní ohùn kankan. Nọ́ńbà ló ń kó. Tó bá jẹ́ orin CD, nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún sípíkà òsì, 44,100 fún ti ọ̀tún. DAC ló ń gba nọ́ńbà wọ̀nyẹn, tó ń sọ wọ́n di iná kékeré tí ámpílífáyà lè gbé ga. Nígbà tí nọ́ńbà kò bá dé lásìkò, DAC kò rí ohun tí yóò sọ dohùn, á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn lò ń pè ní kólòlò. Ẹni tí kò rí èlùbọ́ gbà kò lè rokà; ẹ̀bi orógùn kọ́.

Kíkùn yẹn ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó ń dún nígbà tí orin kò lọ, inú orin kọ́ ló ti wá. Iná ilé ni. Iná tí wọ́n ń fún wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn 50 yẹn tàbí ìlọ́po rẹ̀ méjì, 100, ni etí rẹ ń gbọ́. Àìsàn méjì ló wà nílẹ̀, má fi oògùn kan ṣoṣo wò wọ́n.

Ní alẹ́ òní, ṣe nǹkan mẹ́ta fún mi, kò ní ná ẹ ní sẹ́fà kan. Yọ DAC kúrò lára Pi, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, fi orin kan náà tó máa ń já sí i. Lẹ́yìn náà dá a padà sára Pi, yọ dísíìkì 1 TB, kó orin bíi márùn-ún sínú fláàṣì kékeré, fi ìyẹn sí i. Ìkẹta, wo ìdí ṣájà Pi yẹn, ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí o wá sọ fún mi.

* * *

Ní ti ọ̀rọ̀ Wi-Fi. Ẹni Kútọnu tó ní Wi-Fi ni, ẹ má bínú, ẹ kò wo ibi tí orin wà. Dísíìkì wà lára Pi. Inú dísíìkì ni orin ti ń bọ́ sínú Pi, láti Pi ó bọ́ sínú DAC. Wi-Fi kò gbé orin kankan níbẹ̀. Àṣẹ orí fóònù nìkan ló ń gbé: bẹ̀rẹ̀, dúró, èyí tó kàn. Bí Wi-Fi bá kú pátápátá láàárín orin, orin yẹn á lọ dé òpin rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lè jẹ́ òótọ́ ni ilé tí orin wà nínú kọ̀ǹpútà ní yàrá, tí streamer wà ní pálọ̀. Níbẹ̀ náà, kì í ṣe agbára ni Wi-Fi kò ní. Orin CD tí a kò fún pọ̀ kò gbà ju mẹ́gábíìtì 1.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá, Wi-Fi tó rọ̀ jù gan-an ń gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jíjá tó ń já ló ń bà á jẹ́: ògiri búlọ́ọ̀kù méjì, ráútà aládùúgbò mẹ́ta tí gbogbo wọn há mọ́ra lórí ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz, fóònù àwọn ọmọ tó ń fa fídíò. Nílé mi ní Àjàṣẹ́ níbí, mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì gbé ráútà láti orí kọ́bọ́ọ̀dù dé orí fèrèsé kí n tó gbà. Mo fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mítà 18 gba etí àjà, Cat 5e lásán tí wọ́n ń gé tà ní mítà-mítà. Irú wáyà yẹn lè dé 100 mítà. Láti ọjọ́ náà, orin kò já mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Ọjà Ouando: wọ́n ní láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, streamer kò wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé yàtọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ráútà tí ẹnikẹ́ni kò san owó sí láti ọdún tó kọjá ṣì lè mú kọ̀ǹpútà, fóònù àti streamer bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orin rẹ ni, inú ilé rẹ ló wà, kí ló kan ilé-iṣẹ́ fóònù?

Àti pé ẹ wo ìṣirò. Orin FLAC (fáìlì tó fún orin pọ̀ láì gé nǹkan dànù) láti inú CD máa ń jẹ nǹkan bí 400 MB ní wákàtí kan tí a bá ń fà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́: ó ti tó nǹkan bí 36 GB. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dátà mọ iye tí ìyẹn jẹ́. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé, ẹ gbọ́ ọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún.

* * *

(Ará Kétu dáhùn: lórí kọ̀ǹpútà, DAC kò já rárá. Pẹ̀lú fláàṣì, kò já. Ìdí ṣájà: 5V, 2A, ti fóònù ni. Kíkùn ṣì wà níbẹ̀.)

O ti dá ara rẹ lóhùn. DAC kò jẹ̀bi, nítorí lára kọ̀ǹpútà ó kọrin tán. Dísíìkì àti iná ni.

Pi 4 ń fẹ́ ṣájà 5.1V, 3A. Gbogbo ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lára rẹ̀ kò lè fún àwọn nǹkan tó wà lára wọn ní ju 1.2A lọ lápapọ̀. Dísíìkì oníyíyí lè fẹ́ gba gbogbo ìyẹn fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń jí, DAC rẹ náà ń mu lára rẹ̀, ṣájà fóònù wà lẹ́yìn tí kò lè gbé gbogbo wọn. Iná á wálẹ̀, dísíìkì á sùn lójijì, á tún jí. Ó ń bọ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin tí o sọ.

Tí o bá mọ bí a ṣe ń wọlé sínú Pi láti orí kọ̀ǹpútà, tẹ vcgencmd get_throttled. Tó bá dá 0x0 padà, iná tó. Tó bá mú nǹkan mìíràn wá, Pi fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún ẹ pé nǹkan kan ti dí òun lọ́wọ́, iná tó wálẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ra ṣájà tó yẹ. Wá àpótí ihò USB tó ní ṣájà tirẹ̀, kí dísíìkì wà lára ìyẹn, kí DAC nìkan wà lára Pi. Owó méjèèjì kò ní sún mọ́ 80,000 tí wọ́n ní kí o lọ wá.

* * *

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan bínú sí mi. Wọ́n ní USB ń kó ìdọ̀tí iná láti inú kọ̀ǹpútà wọ DAC, pé optical (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé orin) ló mọ́, àti pé wáyà USB olówó gọbọi yí orin wọn padà, etí àwọn ló gbọ́ ọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn dára.

Ìdọ̀tí iná lè gba wáyà USB kọjá, òótọ́ ni, nítorí kọ́pà ni. Optical jẹ́ ìmọ́lẹ̀, iná kankan kò lè gba inú rẹ̀. Níbi tí ilé bá ti ń kùn, optical lè pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n Pi kò ní ihò optical, àfi tí o bá ra pátákó tí wọ́n ń gbé lé e lórí. USB náà sì ní àǹfààní tirẹ̀. Nínú optical àti coaxial, tí í ṣe wáyà kọ́pà, streamer ló ń lu agogo, DAC ní láti máa jó tẹ̀ lé e. Nínú USB ti DAC òde òní, tí wọ́n ń pè ní asynchronous, DAC ló ní agogo, òun ló ń sọ fún streamer pé "mú wá", "dúró ná". Ẹni tó sún mọ́ ibi tí ohùn ti ń jáde ló di aago mú. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ní ti wáyà USB olówó gọbọi, mi ò gbà. Nọ́ńbà dé tàbí kò dé. Tí kò bá dé, ẹ ó gbọ́ pá-pá-pá tàbí ìdákẹ́. Kò ní dé kí ohùn gòjé wá dùn sí i. Wáyà tí kò gùn ju mítà méjì lọ, tí orí rẹ̀ kò mì nínú ihò, ó tó.

* * *

Kíkùn wàyí. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà fara balẹ̀ sí, torí ó pọ̀ nílé wa.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa dà bíi ti Faransé, ó ní irin kékeré tó yọ síta fún wáyà ilẹ̀ (earth). Lọ́pọ̀ ilé, irin yẹn wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò so mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ògiri. Bí ẹ̀rọ méjì bá wá so mọ́ra pẹ̀lú wáyà ohùn, tí ọ̀kan gba ọ̀nà kan lọ sí ilẹ̀, tí èkejì gba ọ̀nà mìíràn, iná kékeré á máa yí po láàárín wọn. Ámpílífáyà á gbé e ga. Kíkùn nìyẹn.

Nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Sakété, a wá a láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. A yọ Pi, ó ń kùn. A yọ DAC, ó ń kùn. Tẹlifíṣọ̀n ni a kò rò sí, nítorí a kò tilẹ̀ tàn án. Àmọ́ wáyà ohùn rẹ̀ wà lẹ́yìn ámpílífáyà, wáyà àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé sì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe tú wáyà àwo yẹn, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá wa jáde láti yàrá, wọ́n bi wá pé ṣé iná ti lọ ni.

Nítorí náà, àbúrò, pa ohùn ámpílífáyà rẹ sílẹ̀, máa tú wáyà tó wọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa tẹ́tí. Èyí tí kíkùn bá bá lọ ni ọ̀daràn. Tó bá jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n, lo optical láti tẹlifíṣọ̀n lọ sínú DAC, tí àwọn méjèèjì bá ní ihò rẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀rọ orin gba iná láti ara ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan.

Mo rí ẹni tó ní kí o gé wáyà ilẹ̀ kúrò nínú orí wáyà ámpílífáyà. MÁ ṢE É. Òótọ́ ni pé kíkùn lè lọ. Ọjọ́ tí wáyà bá bó nínú ámpílífáyà àtijọ́ yẹn, ara irin rẹ̀ ni iná á wà, ọwọ́ ọmọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ fi kàn án.

* * *

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ padà dé, wọ́n béèrè nípa sólà: iná òòrùn ni wọ́n ń lò láti ọdún méjì, Pi wọn sì ti ba káàdì SD mẹ́ta jẹ́.

Káàdì ń bàjẹ́ nígbà tí iná bá lọ lákòókò tí Pi ń kọ nǹkan sí i. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó dára jù ni piCorePlayer, ètò orin mìíràn fún Pi, dípò Volumio. Tí ó bá ti jí tán, inú mẹ́mórì ló ń gbé, kì í fọwọ́ kan káàdì mọ́ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lásán. Ẹ lè fa wáyà yọ lójijì. Ó ń bá Lyrion Music Server ṣiṣẹ́, ètò tó ń pín orin fún streamer, èyí tí wọ́n ń pè ní Logitech Media Server tẹ́lẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Logitech kò ṣe Squeezebox, streamer tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ètò náà, mọ́ láti 2012, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jẹ́ kó kú.

Tí ohùn bá ń dún zzzz nígbà tí ínfátà bá wà lórí iná, ẹ wò ó bóyá irú ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ ní igun (modified sine wave) ni. Ámpílífáyà kò fẹ́ràn irú iná yẹn. Pi 4 fúnra rẹ̀ kò jẹ ju wọ́ọ̀tì mẹ́ta sí méje lọ, ẹ lè fún un ní iná tààrà láti ara bátìrì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ 12V di 5V, kí ó má tilẹ̀ gba inú ínfátà kọjá.

* * *

Ètò inú Volumio, kí n tó gbàgbé. Ibi tí wọ́n kọ Playback Options sí, yan DAC USB rẹ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ohùn ń gbà jáde, kì í ṣe Headphones, kì í ṣe HDMI. Pa resampling, ìyẹn yíyí iye nọ́ńbà orin padà. Mixer Type, fi í sí None, kí streamer má fọwọ́ kan nọ́ńbà rárá, kí ámpílífáyà máa ṣe gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn. Àmọ́ yí ámpílífáyà wálẹ̀ pátápátá kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí láti ìgbà náà lọ gbogbo agbára ni yóò máa tú jáde.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá fi fóònù yí ohùn sílẹ̀ ti ba orin jẹ́ nìyẹn. Ó pọ̀jù. Orin CD jẹ́ bíìtì 16. DAC tó ń gba 24 ṣì ní bíìtì mẹ́jọ lófo, bíìtì kan sì jẹ́ nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà. Ẹ lè yí i wálẹ̀ tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 48 kí ẹyọ kan nínú orin tó sọnù. Tí ìyá ilé bá fẹ́ yí ohùn láti orí ìjókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i.

* * *

Wọ́n ń bi mí bóyá DAC kankan kò wá ṣe pàtàkì ni. Ó ṣe pàtàkì. Ihò headphone tó wà lára Pi fúnra rẹ̀ burú, ẹ ó gbọ́ ṣíì-ṣíì lẹ́yìn orin. Láti ibẹ̀ sí DAC 15,000, ìyàtọ̀ náà kò nílò ẹlẹ́rìí. Láti 15,000 lọ sókè ni mo ti ń ṣọ́ra.

Èmi náà ti ra olówó ńlá, 95,000, mo sì búra pé ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí a dán an wò. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n ń pààrọ̀ wáyà, wọn kò sọ̀rọ̀. Nínú mẹ́wàá, mo mú èyí tó wọ́n ní ìgbà méje. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni a fi mítà oníná wọn ohun tó ń jáde lára méjèèjì pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo tó dúró, a rí i pé èyí tó wọ́n ga díẹ̀ ju èkejì. Etí máa ń pe ohun tó ga ní ohun tó dùn. Nígbà tí a mú wọn dọ́gba, mo mú un ní ìgbà márùn-ún. Mo ta á, mo fi owó rẹ̀ ra sípíkà. Ìyẹn ni gbogbo ilé gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 192 kHz náà, nọ́ńbà 192,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí àwọn kan ní ó dùn ju CD lọ: etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ju nǹkan bí ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti àgbà kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, orin CD sì ti gbé 22,050, ìdajì 44,100. MP3 128 tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, DAC kankan kò lè dá ohun tí wọ́n ti gé dànù padà.

* * *

Ará Kétu sọ nínú ìdáhùn rẹ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀fẹ̀ wà nílé, èyí tí bàbá rẹ̀ gbà sílẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti pé òun fẹ́ kó o sínú streamer. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Gbogbo ayé ti mọ iyì Gẹ̀lẹ̀dẹ́: UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008. Ṣùgbọ́n ohùn akọrin tó dúró ní àdúgbò yín lóru ọjọ́ yẹn, inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló wà. Ohun tí streamer ti èmi wà fún nìyẹn ní tòótọ́.

Gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú Audacity, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, bíìtì 24, 48 kHz tó. Fi FLAC pa á mọ́. Má gé ariwo èrò kúrò. Èrò náà wà lára Ẹ̀fẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀dà méjì wà ní ilé méjì.

Orúkọ fáìlì náà ní ewu tó jẹ́ ti àwa nìkan. Ẹ̀ tí o rí lójú bí ẹyọ kan lè jẹ́ àmì méjì tàbí mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà, ó wà lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù tí o fi tẹ̀ ẹ́. Mo ti wá orin kan fún odindi oṣù kan, ó wà lójú mi, ẹ̀rọ ní kò sí. Fóònù ló fi ọ̀nà kan kọ Ẹ̀, kọ̀ǹpútà fi ọ̀nà mìíràn. Báyìí, kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ gbogbo orúkọ.

* * *

(Ará Kétu: mo ra ṣájà 3A àti àpótí USB, orin kò já mọ́ láti ìjẹta. Wáyà àwo sátẹ́láìtì ni ó ń kùn, mo ti tú u. Àmọ́ nígbà tí mo tún àwọn wáyà ẹ̀yìn tò, ohùn ti wá ń ya, ìlù ń bú lulẹ̀ bíi pé wọ́n ń lu pẹpẹ. Ṣé DAC ti bàjẹ́ ni?)

Kò bàjẹ́. Pa á kíákíá kí sípíkà tó ya. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lo ki DAC bọ̀. Ti ẹ̀rọ àwo orin ni. Iná tó ń ti ibẹ̀ wá kéré gan-an, nítorí náà ámpílífáyà ń gbé e ga lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi kún ohùn ìsàlẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ń gé àwo. Iná DAC tó nǹkan bíi 2V, ó ti pọ̀jù fún ibẹ̀. Gbé e lọ sí AUX, tàbí TUNER tí o kò bá lo rédíò. Yí ohùn wálẹ̀ kí o tó tan iná.